Ta Ni Ọgbà Ẹranko Wà Fún?

Bí èèyàn bá kúrò ní Ṣáṣá tó dé Ojóò, ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Tó bá forí lé Mọ́níyà, kò ní í pẹ́ rí àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì: òyà tí wọ́n ti yan gbẹ, òkété tí wọ́n fi igi gún, ẹtu lọ́jọ́ tí ọdẹ bá rìn ire. Tó bá wọ máíkírà tó gba ọ̀nà Agbowó, yóò sọ̀ lẹ́nu géètì Yunifásítì Ìbàdàn, yóò sanwó, yóò sì wọlé lọ wo ẹran ìgbẹ́ nínú ilé onírin, pẹ̀lú pátákó tí wọ́n kọ orúkọ wọn sí. Ibi méjèèjì kò jìnnà síra wọn. Níbì kan, a ń béèrè pé èló ni. Níbì kejì, a ń kìlọ̀ fọ́mọ pé kó má sún mọ́ irin.

Bàbá ọdẹ kan wà ládùúgbò wa, ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ọgbà ẹranko nígbà ọdún Iléyá kan, mo sì bá wọn lọ. Wọ́n rò pé ẹnu yóò yà á. Bàbá dúró níwájú kìnnìún, ó ṣí fìlà, ó tún un dé, ó wá bi olùtọ́jú ẹran pé, "Kí lẹ̀ ń fún un jẹ?" Wọ́n ní ẹran ni. "Lójoojúmọ́?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. "Kí lòun náà ń ṣe fún yín?" Olùtọ́jú rẹ́rìn-ín, kò fèsì. Bàbá náà ò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ìbéèrè yìí ka orí gbogbo ọgbà ẹranko tí mo bá gbọ́ ìtàn rẹ̀, nílé àti lókè òkun. Ìdáhùn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, àwọn kan nínú rẹ̀ sì ń ti èèyàn lójú.

Ọwọ́ ọba ni ọgbà ẹranko kọ́kọ́ wà. Àwọn Ẹ̀dó a máa fi ọba wé ẹkùn: ọ̀kan ló nilé, ọ̀kan ló nigbó. Ìdí nìyẹn tí Ọba Ìbìní ayé àtijọ́ fi ń ní ẹkùn láàfin, tí ẹgbẹ́ àwọn tó ń mú un láàyè fi wà lọ́tọ̀. Ẹni tó lè so ẹkùn mọ́lẹ̀, ta ni yóò bá a ṣàgídí? Bákan náà ló rí lọ́dọ̀ òyìnbó. Ní ọdún 1252, béárì funfun kan dé ọ̀dọ̀ Henry Kẹta, ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ilẹ̀ Nọ́wè; wọ́n so ṣéènì mọ́ ọn, wọ́n ń jẹ́ kó lọ pa ẹja jẹ nínú odò Thames, àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ń wò ó láti etí bèbè. Ọgbà ẹranko tó pẹ́ jù lọ nínú àwọn tó ṣì ń ṣiṣẹ́ láyé, èyí tó wà ní Schönbrunn nílùú Vienna, inú ọgbà ààfin ni wọ́n kọ́ ọ sí ní 1752. Ká má sì rò pé ọ̀rọ̀ ayé àtijọ́ nìkan nìyẹn. Kwame Nkrumah ní ẹranko tirẹ̀ ní Accra, nítòsí ilé ìjọba, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ìgbà tí àwọn ológun gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1966 ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún aráàlú.

Ìbàdàn náà ní irú tirẹ̀, kì í tilẹ̀ ṣe láàfin. Ní agboolé Délésọlù, ní Òjé, àwọn ará ilé sọ pé láti 1940 ni ọ̀nì kan ti ń bẹ lọ́dọ̀ wọn. Adìẹ làwọn àlejò ń mú lọ fún un, ẹlòmíì á sì tọrọ nǹkan kó tó kúrò níbẹ̀. Bóyá wọ́n ń sìn ín bí ẹran ọ̀sìn ni o, bóyá wọ́n ń sìn ín bí òrìṣà ni o, èdè wa ò ya méjèèjì sọ́tọ̀. Nínú gbogbo ibi tí mo ti gbé ìbéèrè bàbá ọdẹ lọ, ibẹ̀ ni ìdáhùn ti yá jù: ẹran ń jẹun, àwọn tó ń bọ́ ọ sì gbà pé ó ń ṣe nǹkan fún wọn.

Nígbà tí àwọn Faransé lé ọba wọn lórí oyè, wọ́n kó ìyókù ẹranko tó wà ní Versailles lọ sí Jardin des Plantes ní Paris, wọ́n ní ti gbogbo ayé ni báyìí. Lọ́ńdọ̀nù ṣí tirẹ̀ ní 1828 fún àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ tó dá a sílẹ̀; àwọn ará ọjà ò wọbẹ̀ títí di 1847, nígbà tí owó tán lápò ẹgbẹ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn. Wọ́n á ní sáyẹ́ǹsì làwọn dá a sílẹ̀ fún, àmọ́ owó géètì ló ń bọ́ kìnnìún.

Owó géètì yìí ló sì ba nǹkan jẹ́. Carl Hagenbeck, oníṣòwò ẹranko ní Hamburg, rí i ní 1874 pé àwọn èèyàn fẹ́ san owó wo àwọn Sami tó wá láti àríwá Yúróòpù ju bí wọ́n ṣe fẹ́ wo ẹran tó bá wọn wá lọ. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń kó èèyàn kiri bí ẹran. Nígbà ìpàtẹ ńlá ti Chicago ní 1893, wọ́n kọ́ abúlé Dàhómì kan síbẹ̀, wọ́n kó àwọn aládùúgbò wa wá láti máa jó, kí wọ́n máa lùlù, kí àwọn tó ra tíkẹ́ẹ̀tì lè máa wò wọ́n. Ní 1906, wọ́n mú ọmọkùnrin kan tó wá láti Kóńgò, Ota Benga lorúkọ rẹ̀, wọ́n fi sínú ilé ọ̀bọ ní ọgbà ẹranko Bronx ní New York. Àwọn pásítọ̀ aláwọ̀ dúdú ló pariwo títí wọ́n fi yọ ọ́. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà ló yìnbọn pa ara rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Virginia. Àwọn tó ni ọgbà náà kò bẹ̀bẹ̀ títí di 2020.

N kò sọ ìtàn yìí torí kí inú lè máa bí wa lásán. Mo sọ ọ́ nítorí pé ojú kan náà ni wọ́n fi wo ọmọ Kóńgò àti ìnàkí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ojú ẹni tó ti sanwó. Hagenbeck yìí kan náà ló ṣí ọgbà tuntun nítòsí Hamburg ní 1907, níbi tó ti wú irin kúrò tó gbẹ́ yàrà dípò rẹ̀, irú yàrà tí àwọn baba wa fi yí ìlú ká, kí ó lè dà bí ẹni pé kìnnìún àti ènìyàn wà lórí pápá kan. Gbogbo ọgbà ẹranko tó dára lónìí ló ń fara wé e. Èèyàn burúkú lè gbẹ́ yàrà tó dára.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìwádìí ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ọgbà ti Yunifásítì Ìbàdàn. Ní 1948, ọdún tí ilé-ẹ̀kọ́ náà ṣí, ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀dá ẹranko nílò ẹran fún ìkẹ́kọ̀ọ́, wọ́n bá kó díẹ̀ jọ. Bob Golding, òyìnbó tó tọ́jú ibẹ̀ láti 1963 títí di 1979, ló sọ ọ́ di ibi tí gbogbo Ìbàdàn mọ̀. Nígbà tó fi máa di 1974, ó ti dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọgbà ẹranko ní kíkún. Gọ̀rílà méjì, Àrúnà àti Imade, ló gbajúmọ̀ jù níbẹ̀. Mo mọ àwọn àgbàlagbà tó lè júwe wọn lónìí bí ẹni ń júwe mọ̀lẹ́bí.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa kó wa lọ síbẹ̀ nígbà tí Ṣáṣá ṣì jẹ́ oko ju ìlú lọ. Nígbà tí a dé, tíṣà ní kí olúkúlùkù kọ ẹranko kan tó rí sílẹ̀, kó ṣàlàyé rẹ̀. Gbogbo kíláàsì ló kọ kìnnìún. Àwa tí a ń gbọ́ ìró òòyẹ̀ ní gbogbo òwúrọ̀, tí bàbá wa ń dẹ pàkúté fún òyà, kìnnìún tí baba ńlá wa kò rí ní Akínyẹlé ni a kọ. Tíṣà fún mi ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Mo rò pé ibẹ̀ ni àléébù ẹ̀kọ́ inú ọgbà ẹranko wa wà títí dòní: ó ń kọ́ wa ní ohun tó jìnnà, ó ń jẹ́ ká rò pé ohun tó wà nítòsí kò tó nǹkan.

Ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò wá dé. Láti bí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, bí o bá bi ọgbà ẹranko ńlá èyíkéyìí léèrè ohun tó wà fún, yóò ní kí ẹ̀yà má baà parẹ́ ni. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò ní í jiyàn. Ẹran kan wà tí ìwo rẹ̀ gùn tó sì tẹ̀ bí idà, oryx ni wọ́n ń pè é. Gbogbo eteetí Sàhárà ló kún tẹ́lẹ̀. Ìbọn àti mọ́tò pa á tán, wọ́n sì kéde ní ọdún 2000 pé kò sí mọ́ nínú igbó. Àwọn tó wà nínú ọgbà ẹranko àti nínú àkójọ àwọn olówó Lárúbáwá ló kù. Nínú ọmọ wọn ni wọ́n ti kó lọ sí Ṣáàdì ní 2016, wọ́n tú wọn sílẹ̀, wọ́n sì ń bímọ níbẹ̀. Ní 2023, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn tó ti parẹ́ nínú igbó. Bí kò bá sí àhámọ́, ìtàn rẹ̀ ì bá ti parí. Ṣùgbọ́n àhámọ́ náà ni ẹyẹlé arìnrìn-àjò ti Amẹ́ríkà parẹ́ sí: nínú ọgbà Cincinnati ni èyí tó kẹ́yìn, Martha, kú sí ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án 1914. Ẹyẹ tó ń ṣú ojú ọ̀run tẹ́lẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ló kù, àwọn èèyàn sì ń wò ó.

Lọ́dọ̀ tiwa, ọ̀rọ̀ ìdáàbòbò yìí ti di àwíjàre fún olè rí. Ní 2002, gọ̀rílà kékeré mẹ́rin gbéra láti Nàìjíríà lọ sí ọgbà ẹranko Taiping ní Malaysia. Orúkọ wọn ni Oyin, Tinu, Abbey àti Izan; orúkọ tí ẹni tó gbọ́ Yorùbá yóò dáhùn sí wà nínú wọn. Àdéhùn àgbáyé lórí ẹran ìgbẹ́ kò gbà kí a mú gọ̀rílà nínú igbó kí a tà á. Èyí tí a bí nínú àhámọ́ ni òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún. Ìwé tó bá wọn rìn wá sọ pé ọgbà ẹranko Ìbàdàn ni a ti bí wọn. Gọ̀rílà kan ṣoṣo, abo tó ti darúgbó, ló wà n'Ìbàdàn nígbà náà. Báwo ni abo kan, láìsí akọ, ṣe bí mẹ́rin? Nígbà tí àṣírí tú, wọ́n kó wọn lọ sí Pretoria ní 2004. Cameroon, níbi tí wọ́n gbà pé inú igbó rẹ̀ ni wọ́n ti jí wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè fún wọn, wọ́n sì padà sí ọgbà ìdáàbòbò ẹranko tó wà ní Limbe níbẹ̀ ní òpin oṣù kọkànlá 2007. Orúkọ rere ọgbà wa ni wọ́n fi bo ẹrù olè, ohun tó sì ń dùn mí jù nìyẹn: ọgbà náà ní orúkọ tó ṣeé jí.

Kìnnìún ni kí a tún wò. Kìnnìún tó kù nínú igbó Nàìjíríà, ní Yankari àti ní àyíká Kàìnjì, kò pé àádọ́ta gẹ́gẹ́ bí àwọn tó ń kà wọ́n ti sọ. Síbẹ̀, àwọn tó wà nínú ọgbà wa káàkiri orílẹ̀-èdè kì í ṣe àwọn tí a ń tọ́ láti dá padà síbẹ̀. Inú ọgbà ni a bí púpọ̀ nínú wọn, ibẹ̀ náà ni wọn yóò kú sí. Wọn ò mọ ọdẹ dídẹ, bẹ́ẹ̀ ni wọn ò gbàgbé eyín wọn. Ní oṣù kejì 2024, kìnnìún ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ pa ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ fún bí ọdún mẹ́sàn-án, lásìkò oúnjẹ. Wọ́n sì pa kìnnìún náà. Ní Jọ́ọ̀sì, oṣù kejìlá 2015, ọ̀kan jáde, wọ́n yìnbọn fún un. Ti Kánò ní 2019 ló lè pani lẹ́rìn-ín díẹ̀: ó jáde nínú àhámọ́ rẹ̀, ó sì wọ ọgbà àwọn ewúrẹ́ lọ, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i, ó ti yó.

Kìnnìún kò mọ̀ pé owó oṣù kò tíì wọlé. Mo ti dé ọgbà kan rí, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, tí egungun ìhà kìnnìún ibẹ̀ ṣeé kà láti ìta. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ sọ fún mi pé òun máa ń fi owó ara òun ra orí màlúù fún un lópin ọ̀sẹ̀. Mo gbà á gbọ́, nítorí òun náà rù. Ọgbà tí kò lè bọ́ ẹran rẹ̀, kò sí ìdí kan tó lè fi gbèjà ara rẹ̀, ì báà jẹ́ ẹ̀kọ́, ì báà jẹ́ ìwádìí.

Àwọn kan ní kí a kúkú ti gbogbo rẹ̀ pa. Buenos Aires ti tirẹ̀ ní 2016. Costa Rica ti àwọn méjì tó jẹ́ ti ìjọba ní 2024. Èmi ò tẹ̀ lé wọn dé ìdí rẹ̀. Ọmọ Ṣáṣá tí bàbá rẹ̀ ń ta ata lọ́jà, ta ni yóò san owó mọ́tò rẹ̀ lọ sí Yankari? Ilé onírin Yunifásítì ni ibi tó sún mọ́ ọn jù tó ti lè gbọ́ òórùn ẹran ìgbẹ́ ńlá. Òórùn yẹn, tẹlifíṣọ̀n kò ní in.

Ṣùgbọ́n kí ọgbà náà bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè bàbá ọdẹ. Àpẹẹrẹ kò jìnnà. Ní 1988, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì tó ń rìnrìn-àjò kọjá dúró sí Kàlàbá nítorí ọ̀bọ ojú dúdú kan tí wọ́n ń pè ní drill, tí àwọn ọdẹ ń pa ìyá rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ sì ń di ohun ìṣeré nílé àwọn olówó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ òrukàn wọ̀nyí jọ. Orúkọ iṣẹ́ náà ni Pandrillus. Lónìí, ní orí òkè Afi ní Cross River, ọgọ́rọ̀ọ̀rún drill ni a ti bí nínú ọgbà ńlá tó ní igbó nínú. Limbe tí Oyin àti Tinu padà sí, ọwọ́ wọn wà nínú dídá òun náà sílẹ̀ ní 1993. Ẹran tí agbègbè ibẹ̀ ní, tí àwọn ará ibẹ̀ sì ń pa, ni wọ́n dìde fún. Kò sí béárì funfun níbẹ̀.

Èwo wá ni tiwa? Èmi á kọ́kọ́ dárúkọ akika, ẹran tí ìpẹ́ bò lára, tó ń jẹ èèrà àti ikán, tó ń ká ara rẹ̀ jọ roboto bí ẹ̀rù bá bà á. Gbogbo oko Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà ló mọ̀ ọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré. Ní oṣù kẹrin 2019, láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra wọn, ìjọba Singapore gba ìpẹ́ rẹ̀ tó lé ní tọ́ọ̀nù 25 nínú kọnténà méjì tó ti Nàìjíríà lọ, tí wọ́n fẹ́ gbé dé Vietnam. Ìpẹ́ akika kan kò wúwo. Ẹ fọkàn ṣírò iye ẹran tó wà nínú tọ́ọ̀nù 25. Lóòótọ́, ó ṣòro láti sìn ín nínú àhámọ́ nítorí oúnjẹ rẹ̀. Iṣẹ́ yunifásítì nìyẹn gan-an! Ilé-ẹ̀kọ́ tó ní dókítà ẹranko, tó ní onímọ̀ kòkòrò, tó ní igbó lẹ́yìn ilé, bí kò bá lè wá ọ̀nà tí akika tí a gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà yóò fi gbádùn títí a ó fi dá a padà sígbó, ta ni yóò ṣe é? Mo fara mọ́ ọn pé kí kìnnìún tó wà níbẹ̀ jẹ ayé rẹ̀ tán ní ìrọ̀rùn. Kí wọ́n má ra òmíràn. Owó oúnjẹ rẹ̀ yóò tó gba ọ̀pọ̀ akika, ìjàpá àti ọmọ ọ̀bọ là.

Ohun kan kù. Lẹ́yìn odi IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀, níbi tí ọkọ̀ Mọ́níyà ń gbà kọjá, igbó kan wà tó tó nǹkan bí hẹ́kítà 350. Oko àwọn àgbẹ̀ ló pọ̀ nínú rẹ̀ kí ilé-iṣẹ́ náà tó dé ní 1967. Wọ́n fi í sílẹ̀, ó padà di igbó fúnra rẹ̀. Ẹ̀gà kan ń kọ́lé níbẹ̀, ara rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ pupa bí osùn. John Elgood, olùkọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ayé ní 1958, ó sì fi orúkọ ìlú wa sọ ọ́: Malimbus ibadanensis. Kò sí ibòmíràn láyé tó ní in àfi ilẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, kò sì pọ̀ mọ́.

Ẹ̀yin tíṣà Ṣáṣá àti Ojóò, bí ẹ bá ń kọ ìwé ìyọ̀ǹda láti kó àwọn ọmọ lọ wo ẹranko ní sáà tó ń bọ̀, ẹ kọ ọ̀kan sí IITA náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ibẹ̀ láàárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú. Tí ẹ bá sì ní kí wọ́n kọ ẹranko kan sílẹ̀, ẹ sọ fún wọn pé kìnnìún kò sí lára rẹ̀.